Èwo ni kí ẹ dín ní ìpékeré: ọ̀gẹ̀dẹ̀, kókò, ọ̀dùnkún, iṣu àbí pòtétò?

Bí ẹ bá wọ ọjà Bódìjà n'Íbàdàn lówùúrọ̀ láti wá ohun tí ẹ ó dín gbẹ fún àwọn ọmọ, ó kéré tán nǹkan márùn-ún ni yóò máa pè yín: ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, kókò, ọ̀dùnkún, iṣu, àti pòtétò tí wọ́n kó wá láti Jos. Gbogbo wọn ló ṣeé rẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, gbogbo wọn ló ṣeé dà sínú òróró gbígbóná. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ la mọ ìpékeré mọ́ láti ilẹ̀ wá, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn náà ni n ó máa pe ìyókù níbí, nítorí iṣẹ́ kan náà ni.

Ọ̀dùnkún ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Nígbà tí iléèwé ọmọ mi àkọ́bí fẹ́ ṣe àpèjẹ ìparí sáà, mo fi alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú dín ọ̀dùnkún kún ike ńlá kan. Ó pọ́n, ó ń dán, ojú rẹ̀ ń fa ọ̀fun. Ilẹ̀ mọ́, mo ṣí ike náà, mo mú ẹyọ kan sẹ́nu: ó ti rọ̀, ó ń fà bí rọ́bà, etí rẹ̀ tó pọ́n jù sì ń korò. Òróró lítà méjì ló bá a lọ. Mo rò pé òróró náà ni kò dára, mo ra òmíràn, ohun kan náà ló tún ṣẹlẹ̀. Ìgbà tí mo fara balẹ̀ wo ohun tó wà nínú ọ̀dùnkún fúnra rẹ̀ ni mo tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Omi àti ṣúgà tó wà nínú ohun tí a fẹ́ dín ló kọ́kọ́ ń pinnu bí yóò ṣe rí lẹ́nu. Ọwọ́ wa ló tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá mọ ìyẹn kó tó dé ọjà ti bọ́ lọ́wọ́ àdánù tèmi.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Omi ni àkọ́kọ́. Kí ni dídín ìpékeré bí kò ṣe pé kí a lé omi jáde títí nǹkan yóò fi gbẹ tí yóò sì máa rún. Nínú 100 gíráàmù ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú tí a ti bó, omi tó bíi 65. Ti kókò àti iṣu tó bíi 70, ti ọ̀dùnkún bíi 77, ti pòtétò bíi 79, ti kárọ́ọ̀tì bíi 88. Ẹ wá gbé e sórí òṣùwọ̀n: nínú kílò kan ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a ti bó, bíi 350 gíráàmù ni yóò ṣẹ́ kù tí omi bá lọ tán, láìka òróró tó mu. Kókò àti iṣu yóò fún yín ní bíi 300, ọ̀dùnkún 230, pòtétò 210, kárọ́ọ̀tì 120 péré. Ìyókù di ooru, ó bá atẹ́gùn lọ, gáàsì tí ẹ fowó rà ló sì lé e lọ. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní pòtétò dínwó ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ lónìí, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé mélòó ni yóò kù nínú abọ́. Kí ẹ má sì gbàgbé èèpo: èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n rẹ̀, nígbà tí ti pòtétò kò tó nǹkan. Kílò kan ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ẹ rà pẹ̀lú èèpo yóò fi díẹ̀ lé ní 200 gíráàmù sílẹ̀. Ìṣirò yìí ni kí ẹ máa ṣe, kí ẹ tó ná ọjà.

Ṣúgà ni èkejì. Ohun tí ṣúgà bá pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń pọ́n kí omi inú rẹ̀ tó jáde tán. Ẹ ó kó o kúrò lórí iná nítorí pé ó ti ń dúdú, omi ṣì wà nínú rẹ̀, omi yẹn ni yóò sì sọ ọ́ di rọ́bà kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọ̀ náà tún ní ọ̀rọ̀ ìlera nínú. Ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Sweden kéde pé nígbà tí a bá dín oúnjẹ bíi pòtétò tàbí tí a bá yan án nínú iná tó gbóná gan-an, kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní acrylamide máa ń jáde nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n kà sí ohun tó lè fa jẹjẹrẹ. Bí oúnjẹ bá ṣe ń dúdú sí i ni kẹ́míkà náà ń pọ̀ sí i. Ìpékeré tó ní àwọ̀ wúrà ni kí a máa wá, kì í ṣe aláwọ̀ ilẹ̀.

Lẹ́yìn ìwọ̀nyí, mo máa ń wo wàhálà ọwọ́ (bíbó, fífọ̀, oje, yíyún), mo sì máa ń wo iye ọjọ́ tí yóò lò nínú ọ̀rá kó tó dẹ̀.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà

Èyí tó dúdú tó sì le ni kí ẹ rà, tí oje funfun ṣì ń jáde bí ẹ bá fi èékánná họ èèpo rẹ̀. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá ṣe ń pọ́n ni sítáàṣì inú rẹ̀ ń yí padà di ṣúgà, ìdí nìyẹn tí dòdò fi ń dùn tí kì í sì í gbẹ. Ìyá tí wọ́n bá ń dín ìpékeré tà kì í fojú kéré èyí: ẹyọ kan tó ti pọ́n láàárín òṣùṣù, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń yọ ọ́ sí.

Bíbó rẹ̀ ló ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn sá. Ẹ fi òróró díẹ̀ pa ọwọ́, kí oje má baà lẹ̀ mọ́ ọn kó sì dúdú sí èékánná. Ẹ gé orí, ẹ gé ìdí, ẹ fi ọ̀bẹ fa ìlà kan láti òkè dé ìsàlẹ̀ láì wọnú ẹran rẹ̀, kí ẹ wá fi ìdí ṣíbí ti èèpo náà sókè. Ẹ dà á sínú omi oníyọ̀ bí ẹ bá ṣe ń bó o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò dúdú.

Rírẹ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ gan-an. Ìnípọn rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju mìlímítà méjì lọ, kí gbogbo rẹ̀ sì dọ́gba, torí pé pẹlẹbẹ tó fẹ́lẹ́ yóò ti jóná kí èyí tó nípọn tó gbẹ. Pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n fi abẹ sí láàárín dára ju ọ̀bẹ lọ fíìfíì. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń rẹ́ ẹ tààrà sórí òróró gbígbóná, kí pẹlẹbẹ kọ̀ọ̀kan lè bọ́ sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ má dán ìyẹn wò. Ẹ rẹ́ ẹ sínú abọ́, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì jù ú sílẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ.

Etí ló ń dín ìpékeré ju ojú lọ. Nígbà tó bá kọ́kọ́ bọ́ sínú òróró, ariwo rẹ̀ á gba gbogbo ilé ìdáná, hóhó á bò ó mọ́lẹ̀. Omi ló ń jáde yẹn. Bí ẹ bá ń rò ó jẹ́jẹ́, ariwo náà á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, hóhó á kéré. Tó bá kù díẹ̀, ẹ ó gbọ́ tí àwọn pẹlẹbẹ náà ń kan ara wọn àti ṣíbí bí ẹní ń mi èèpo ìgbín. Ìgbà yẹn ni kí ẹ kó o. Bí ẹ bá dúró de àwọ̀ pupa, ó ti pẹ́ jù.

Owó rẹ̀ máa ń rọjú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá pọ̀, ó sì máa ń wọ́n nígbà òjò. Nílé mi, ìpékeré ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú tí mo dì dáadáa máa ń tó oṣù kan kó tó yí padà. Nínú gbogbo wọn, òun ló ń dárí ji ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì mọ́ iṣẹ́ yìí.

Èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, tí èèpo rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ àwọ̀ òféèfé, ṣeé ṣe bákan náà, àwọn ọmọdé sì fẹ́ràn rẹ̀ torí dídùn rẹ̀. Ẹ dín iná kù fún un, kí ẹ sì jẹ ẹ́ tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Èyí tó ti dẹ̀, tí èèpo rẹ̀ ti dúdú nítorí pípọ́n, kò sí ìpékeré nínú rẹ̀ mọ́. Àwọn ará Ìkirè ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti mọ ohun tí wọ́n ń fi irú rẹ̀ ṣe láti ọjọ́ pípẹ́: wọ́n á fi ata àti iyọ̀ sí i, wọ́n á dín in nínú epo pupa títí yóò fi dúdú, dòdò Ìkirè nìyẹn. Ẹ má da tiyín nù.

Kókò

Kókò ni mo fẹ́ràn jù láti jẹ. Ó máa ń funfun, àwọn ìlà wẹ́wẹ́ máa ń hàn lára rẹ̀, ó sì máa ń fọ́ lẹ́nu láì le. Ṣúgà inú rẹ̀ kéré, nítorí náà kì í yára dúdú. N kò mọ ìdí tí àwa níbí fi ń fojú oúnjẹ tálákà wò ó. Ní Cuba, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní malanga, wọ́n ń dín in fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń gbé e síwájú àlejò, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń dín ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú tí wọ́n ń pè ní mariquitas.

Wàhálà rẹ̀ ni yíyún. Àwọn nǹkan tíntìntín kan tó mú bí abẹ́rẹ́ wà nínú kókò tútù, àwọn ló ń gún ọwọ́ àti ọ̀fun. Ẹ fi òróró pa ọwọ́, tàbí kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ tó bó o. Lẹ́yìn tí ẹ bá rẹ́ ẹ tán, ẹ fọ̀ ọ́ nínú omi mẹ́ta títí yíyọ̀ ara rẹ̀ yóò fi dín kù, kí ẹ bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú méjì nínú omi híhó tó níyọ̀, kí ẹ sì nù ún gbẹ kó tó wọ òróró. Kókò tí kò jiná dénú kò gbọdọ̀ kan ẹnu ọmọdé. Irú kan máa ń yún ju òmíràn lọ. Ẹ bi ìyá tó ń tà á, kí ẹ sì kọ́kọ́ dín ẹyọ méjì mẹ́ta wò kí ẹ tó rẹ́ gbogbo rẹ̀.

Ọ̀dùnkún

N kò sọ pé kí ẹ má ṣe é. Ọ̀fà àti agbègbè rẹ̀ ní Kwárà kì í wọ́n ọ̀dùnkún, owó rẹ̀ sì máa ń rọrùn ju ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Èyí tí inú rẹ̀ pọ́n bí ọsàn tún ní èròjà tí ara ń sọ di fítámì A, èyí tó ń ran ojú lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n omi rẹ̀ pọ̀, ṣúgà rẹ̀ pọ̀, ìwọ̀nyẹn méjèèjì sì ń bá ara wọn jà nínú òróró.

Ohun tó gbà mí là ni mẹ́ta. Mo ń ra èyí tí inú rẹ̀ funfun, torí pé ó sábà máa ń gbẹ ju ọlọ́sàn lọ. Mo ń rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́ ju ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo ń rì í sínú omi tútù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí díẹ̀ nínú ṣúgà rẹ̀ lè jáde, mo sì ń nù ún títí aṣọ kò fi ní tutù mọ́. Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù: iná kékeré. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá fẹ́ òróró tó gbóná tó 170 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ọ̀dùnkún kò fẹ́ ju 150 lọ. Yóò pẹ́ lórí iná. Ẹ mú sùúrù fún un.

Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn, ti ọ̀sẹ̀ kan ni. Ẹ má dín in pamọ́ de ayẹyẹ oṣù tó ń bọ̀.

Iṣu

Iṣu dára fún dùndún. Fún ìpékeré, ó máa ń le: bí ìnípọn rẹ̀ bá ju mìlímítà kan àbọ̀ lọ, eyín ni yóò jìyà. Ó tún wọ́n, pàápàá kí iṣu tuntun tó jáde. Bí ẹ bá ní i lóko tàbí tí wọ́n fún yín lẹ́bùn, ẹ lo iṣu tó ti gbó tó sì ti gbẹ lórí àká, torí iṣu tuntun kún fún omi. Ẹ bọ̀ ọ́ ní ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó dín in, yóò fọ́ lẹ́nu ju kí ẹ dín in ní tútù lọ. Èmi kì í fi owó mi ra iṣu nítorí ìpékeré.

Pòtétò

Òun ni gbogbo ayé mọ̀, òun sì ni owó rẹ̀ máa ń pa wá lára jù níhà gúúsù níbí, torí ọ̀nà tó jìn tó ti ń bọ̀. Bí ẹ bá rà á, ẹ má fi sínú fíríìjì. Òtútù máa ń sọ sítáàṣì inú rẹ̀ di ṣúgà, bí ẹ bá sì dín in, yóò dúdú, acrylamide inú rẹ̀ yóò sì pọ̀ sí i. Ibi tó ṣókùnkùn tí atẹ́gùn ń gbà ni ààyè rẹ̀. Èyí tí ara rẹ̀ bá ti yọ àwọ̀ ewé, ẹ jù ú nù, májèlé wà nínú rẹ̀. Ẹ fọ sítáàṣì ara rẹ̀ títí omi yóò fi mọ́ gaara, ẹ nù ún, ẹ dín in. Yóò rún, yóò dùn, yóò sì tán kíákíá, torí láti kílò kan, díẹ̀ ló ń kù.

Àwọn yòókù

Gbẹ̀rẹ̀fútù yẹ kó wà lókè, àmọ́ kì í wà níbi gbogbo. Ẹ̀yin tí ẹ wà n'Ílé-Ifẹ̀, ẹ ní i nítòsí. Èyí tó gbó tí kò tíì dẹ̀ máa ń dín dáadáa, omi rẹ̀ kò sì ju ti kókò lọ. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ká a ló ti ń bàjẹ́, nítorí náà ọjọ́ tó bá wọlé ni kí ẹ rẹ́ ẹ.

Kárọ́ọ̀tì kò dáa fún òróró, omi rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ewé kale tí àwọn èèyàn wa ní London ń yan gbẹ nínú oven yára jinná, ó sì fúyẹ́, ṣùgbọ́n ìpanu ni, kò lè gba ipò ìpékeré lọ́wọ́ ẹni tí ebi ń pa. Ní ti ẹ̀gẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́ ẹ ní tútù kí ẹ dín in. Májèlé wà nínú ẹ̀gẹ́ kíkorò tí rírẹ, fífún àti dídín gàrí ń mú kúrò. Dídín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kò lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn.

Òróró, oven tàbí air fryer?

Òróró ń fún yín ní ìpékeré tó rún dọ́gba, ó sì lè dín púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Òróró ẹ̀pà àti òróró pupa tí wọ́n ti fọ̀ mọ́ lè gba ooru dáadáa. Bí ẹ kò bá ní ohun tí ẹ fi ń wọn ooru, ẹ ju pẹlẹbẹ kan sínú rẹ̀. Bó bá sùn sísàlẹ̀, òróró kò tíì gbóná. Bó bá gòkè láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ pẹ̀lú hóhó, ó ti tó. Bó bá pọ́n lójú ẹsẹ̀, ẹ dín iná kù. Ẹ má dà púpọ̀ sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí yóò mú òróró tutù, ìpékeré yóò sì mu òróró yó. Òróró tó bá ti ń ṣe èéfín, tó ń lẹ̀ tàbí tó ń rùn, ọjọ́ rẹ̀ ti pé.

Oven kì í fẹ́ ju kí ẹ fi òróró díẹ̀ pa á lára. Ẹ tò ó láì jẹ́ kí wọ́n gun ara wọn, lórí ooru 150 sí 160, kí ẹ yí i padà láàárín. Bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ṣùgbọ́n ẹ dúró tì í ní ìṣẹ́jú márùn-ún tó gbẹ̀yìn. Àwọn tó wà ní etí máa ń tètè jinná ju ti àárín. Air fryer, ẹ̀rọ tó ń fi atẹ́gùn gbígbóná dín nǹkan, yára, ó sì dín òróró kù, àmọ́ díẹ̀ díẹ̀ ló ń gbà, iná mànàmáná tí kò dúró sì lè já yín kulẹ̀ láàárín iṣẹ́. Ọ̀dùnkún àti pòtétò rọrùn nínú rẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú máa ń le jù bí ẹ kò bá fi òróró pa á.

Ẹ tú ìpékeré sínú asẹ́, kí ẹ wọ́n iyọ̀ sí i nígbà tó ṣì gbóná. Ẹ má da á sórí ìwé ìròyìn, yíǹkì rẹ̀ kò yẹ fún ẹnu ọmọ èèyàn. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kí ẹ tó dì í, torí ooru tó bá há sínú ọ̀rá á di omi. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ lè fi iná àbẹ́là lẹ ẹnu ọ̀rá pọ̀, bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe. Ẹ gbé e síbi tí oòrùn kò ti lè ràn án, torí ìmọ́lẹ̀ ń mú òróró inú rẹ̀ gbó.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Ẹni tó fẹ́ tà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú ni. Ó ń pẹ́, àwọn oníbàárà mọ̀ ọ́n, ó sì ń kù tó láti inú kílò kọ̀ọ̀kan. Tí ó bá fẹ́ kó o wọ ṣọ́ọ̀bù ńlá, kó ti fi ìforúkọsílẹ̀ NAFDAC sínú ìṣirò owó rẹ̀.

Ẹni tó ń wá ohun tuntun fún àlejò, tí ọwọ́ rẹ̀ sì lè fara da wàhálà, kó ra kókò. Ẹni tí àwọn ọmọ kéékèèké wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tó fẹ́ ohun dídùn fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kó ra ọ̀dùnkún, kó sì jókòó ti iná kékeré. Ẹni tó ń gbé níbi tí pòtétò ti pọ̀ tó sì rọjú, irú Jos tàbí London, kò sí ìdí tí yóò fi máa wá ọ̀gẹ̀dẹ̀ kiri. Fún àgbàlagbà tí eyín rẹ̀ kò lágbára mọ́, ẹ gbójú kúrò lára iṣu, kí ẹ rẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n fún un, kó fẹ́lẹ́ bí ìwé.

Bí ẹ kò bá sì tíì dín irú rẹ̀ rí láyé yín, ẹ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú mẹ́ta àti òróró lítà kan, ẹ dúró de ọjọ́ Sátidé tí ẹnikẹ́ni kò ní kánjú yín, kí ẹ tẹ́tí sí ìkòkò náà.